Ilé Ìkàwé Wa: Ìròyìn Tuntun, Àwọn Ètò Tó Ń Bọ̀, àti Ọ̀rọ̀ Ìwé Tí A Fẹ́ Yọ Kúrò Lórí Pẹpẹ

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo kí gbogbo yín. Oṣù kẹjọ ti dé ìdajì, àwọn nǹkan kan sì ti yí padà nílé ìkàwé wa tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu wa kí ẹ tó bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo to àwọn ètò tó ń bọ̀ mọ́ ọn, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè lè béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

A kò gba owó ìtanràn mọ́ lórí ìwé tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá a. A ti pa gbèsè ìtanràn tó wà lórí káàdì ẹnikẹ́ni látẹ̀yìnwá rẹ́, káàdì náà sì ti ṣeé lò. Ìwé tó bá sọnù tàbí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nìkan ni a ó ṣì máa ní kí ẹni tó yá a rọ́pò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, a ó ti ilé ìkàwé kí a lè ka iye gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ, kí a fi wé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, kí a sì yọ èyí tí kò wúlò mọ́ kúrò. Àpótí tí ẹ ń da ìwé padà sí lẹ́nu ọ̀nà yóò wà ní ṣíṣí, kò sì sí ìwé tí ọjọ́ ìdápadà rẹ̀ yóò bọ́ sáàárín ọjọ́ mẹ́ta náà.

Láti oṣù kẹsàn-án, a ó pín àkókò ìtàn òwúrọ̀ Sátidé sí méjì: ìdajì wákàtí fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta pẹ̀lú òbí wọn, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn àgbà yóò máa wáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Mọ̀ọ́kọ-Mọ̀ọ́kà Àgbáyé tí UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ń ṣe láti ọdún 1967, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òǹkàwé àwọn ọ̀dọ́ kò yí padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Alábòójútó, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìkéde yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn sí púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn kan tí ẹ fi sáàárín kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ yọ ìwé tí kò wúlò mọ́ kúrò. Ta ni yóò sọ pé ìwé kan kò wúlò mọ́? Níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo dé ilé ẹ̀kọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì bá ìwé tó pọ̀ tó ti inú yàrá méjì ní ìta, òjò ń pa á. Wọ́n ní àyè ni àwọn ń wá. Mo ṣa mẹ́tàdínlógún lára wọn lọ́jọ́ náà, mo sì ń lo mẹ́ta nínú wọn títí di òní. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yíyọ ìwé kí ara rẹ̀ má bù máṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo yá ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nílé ìkàwé, mo sì há gbogbo orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀ sórí, mẹ́sàn-án pérépéré. Nígbà tí mo dé iwájú kíláàsì, olùkọ́ ní kí n yọ Pluto kúrò. Mo bá a jiyàn, mo ní inú ìwé ni mo ti rí i. Àṣé láti ọdún 2006 ni àjọ àwọn onímọ̀ sánmà àgbáyé ti yọ Pluto kúrò nínú ẹgbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá. Ìwé náà kò purọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kàn dúró lórí pẹpẹ pẹ́ jù ni.

Mo ní ìbéèrè tèmi náà. Ìwé orí ẹ̀rọ ni mo sábà máa ń yá. Èwo ni ti pé kí n máa tò sẹ́yìn ènìyàn mẹ́rìnlá nítorí ìwé tí kò ní ara, tí ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan?

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ìbéèrè yín tọ́, ó sì yẹ kí n ti dáhùn rẹ̀ nínú ìkéde fúnra rẹ̀.

Láàárín àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ríro oko ni a máa ń fi iṣẹ́ yìí wé. Àgbẹ̀ tí kò bá ro oko rẹ̀ kò ní rí ohun tó gbìn mọ́. Pẹpẹ tó kún dé ibi tí ìwé kò ti ṣeé fà yọ máa ń lé òǹkàwé sá ni, nítorí pé ẹni tó wá ìwé ìlera tó bá ìgbà mu yóò kọ́kọ́ fa mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di àtijọ́ jáde. Ìwé ìlera ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Àpẹẹrẹ Pluto tí akẹ́kọ̀ọ́ wa mú wá lè dójú ti ọmọdé ní kíláàsì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó kọ́ni ní ìwọ̀n oògùn tí àwọn oníṣègùn ti pa tì lè ṣe ènìyàn léṣe. Bákan náà ni ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé tí wọ́n tẹ̀ kí Gúúsù Sùdáànì tó di orílẹ̀-èdè ní oṣù keje ọdún 2011: ó lè wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dúró níbi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò ti mú un gẹ́gẹ́ bí òótọ́ òní.

Nípa ẹni tó ń pinnu: òṣìṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe ẹnìkan, wọn kì í sì í fi ojú lásán ṣe é. Wọ́n ń wo bóyá ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣì jẹ́ òótọ́, bóyá ẹ̀dà tuntun ti rọ́pò rẹ̀, bóyá ó ti ya tàbí ó ti hu olú, àti ìgbà tí ẹnìkan yá a kẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan kò tó láti yọ ìwé kúrò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ìwé níbẹ̀ láìyá a lọ sílé. A kì í fọwọ́ kan ìwé ìtàn àdúgbò àti ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àkójọ wa. Èyí tó bá ṣì dára tí a ní ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀ ń lọ sí àwọn ilé ìkàwé kéékèèké tó bá béèrè fún un.

S. R. Ranganathan, ará Íńdíà tó fi òfin márùn-ún lélẹ̀ fún iṣẹ́ wa ní ọdún 1931, sọ nínú èyí àkọ́kọ́ pé kí a lè lò ó ni ìwé ṣe wà. Òfin yìí ni mo máa ń rántí tí ọwọ́ mi bá ń wárìrì lórí ìwé kan.

Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ wa tó bí o ṣe rò. Ilé ìkàwé kì í ra ìwé náà fúnra rẹ̀, àṣẹ láti yá a fún ènìyàn ni ó ń rà, àṣẹ kan sì jẹ́ ti òǹkàwé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àṣẹ kan tún ń tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan tàbí lẹ́yìn iye ìgbà tí wọ́n yá ìwé náà: ní ọdún 2011, HarperCollins, ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé jáde, fi í sí ìgbà 26, lẹ́yìn èyí tí ilé ìkàwé yóò tún àṣẹ rà. Ìwé tí kò ní ara náà ń gbó, Akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìwé àdéhùn ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí, Alábòójútó, ó sì ti tù mí nínú dé àyè kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti fi Ranganathan lé mi, Ranganathan náà ni n ó fi dá yín lóhùn. Òfin àkọ́kọ́ ni ẹ mú. Ẹ fo ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta sọ pé gbogbo ìwé ló ní òǹkàwé tirẹ̀. Ìwé kan lè dúró fún ogún ọdún kí ẹni tó ni í tó wọlé. Àwọn mẹ́ta tí mo ṣa nínú òjò níjọ́sí, àwọn tó dà wọ́n síta náà ti wo ìgbà tí ẹnìkan yá wọn kẹ́yìn.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Kí àwọn ìwé náà tó kúrò nílé, kí òǹkàwé ní àǹfààní láti rí wọn.

Òǹkàwé Àtijọ́:

Mo wà lẹ́yìn Olùkọ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìtanràn tí ẹ fagi lé gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bí kò bá sí owó lórí rẹ̀, kí ni yóò mú ènìyàn dá ìwé padà? Èmi ti ń dúró de ìwé kan láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹni tó yá a sì fi ara balẹ̀ síbi kan. Ní báyìí, ẹ ti sọ fún un pé kò sí wàhálà.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀gbọ́n Òǹkàwé Àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi náà, nítorí èmi wà lára àwọn tí ìtanràn lé kúrò nílé ìkàwé.

Nígbà tí mo bí àwọn ọmọ mi, ìwé alálàwòrán márùn-ún wà lọ́wọ́ mi tí mo ti yá kí n tó wọ ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tó rántí wọn. Nígbà tí mo fi máa rí wọn lábẹ́ ibùsùn, ìtanràn orí márààrún ti kọjá ohun tí mo lè san lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì ń tì mí láti wá ṣàlàyé. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi àwọn ìwé náà pamọ́. Ọdún méjì ni n kò fi tẹ ilé ìkàwé, àwọn ìwé márààrún sì wà nílé mi tí ọmọ ẹlòmíràn kò rí wọn kà. Owó tí wọ́n ní kó dá ìwé padà gan-an ni kò jẹ́ kí ìwé padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé wọ́n ti pa gbèsè rẹ́, mo sì kó wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbọ̀. Ìwé márààrún ti padà sórí pẹpẹ, mẹ́ta nínú wọn sì ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n Òǹkàwé Àtijọ́, kò sí ìtanràn mọ́, ṣùgbọ́n ìlànà ṣì wà. Ẹni tí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lè yá òmíràn títí yóò fi dá a padà. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó kà á sí ìwé tó sọnù, a ó sì ní kó rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá sì gbé e wá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe é. Ilé ìkàwé ìjọba ìlú Chicago fagi lé ìtanràn ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìwé tó padà wọlé ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ti pẹ́ gan-an wà nínú wọn. Ní ti ìwé tí ẹ ń dúró dè, a ti kọ̀wé sí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, bí n kò ti ní sọ tiyín fún un.

Òǹkàwé Tó Ń Fi Etí Kàwé:

Ẹ kú ìjókòó o. N kò fi ojú ríran, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè ni mo fi ń tẹ̀ lé ìjíròrò yín. Mo ní láti sọ fún Alábòójútó pé lónìí ni mo tó mọ̀ pé ètò wà ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé àwòrán ni ẹ máa ń fi ìkéde yín ṣe. Ìkéde tó kẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tí ẹ̀rọ mi kà jáde nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: «àwòrán». Ẹ lè ti fi àwọ̀ tó rẹwà kọ ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀. Kò dé etí mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Àdéhùn Marrakesh, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Mòrókò ní oṣù kẹfà ọdún 2013, tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, fàyè gba kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé tí àwa lè kà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀, kí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sì lè kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ṣé ilé ìkàwé wa ń lò ó? Bí ẹ bá sì ń yọ ìwé kúrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìwé oníbírélì, èyí tí àwa tí kò ríran ń fi ìka ọwọ́ kà. Ó tóbi, ó gba àyè, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wò nígbà tí àyè bá há. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ní ẹ̀dà kejì.

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni, n kò sì ní àwáwí kankan. Láti òní lọ, a ó máa tẹ gbogbo ìkéde bí ọ̀rọ̀ gidi kí a tó fi àwòrán kún un, a ó sì máa ka á sórí ẹ̀rọ tẹlifóònù fún ẹni tó bá pè lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́.

Mo ti kọ ìwé oníbírélì sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Lórí àdéhùn náà, ẹ mú àkọlé ìwé mẹ́ta tí ẹ fẹ́ jù lọ wá, kí a fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó ní orúkọ máa ń tètè yá ju ìlérí lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta:

Mo ní àbá kan fún oṣù kọkànlá, níwọ̀n bí n kò ti rí ohun kan lórí rẹ̀ nínú ètò. Ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìkàwé Ènìyàn ní ọdún 2000. Ènìyàn ni ìwé níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣẹ́wọ̀n rí, ẹni tó sá fún ogun, ẹni tí kò gbọ́ràn: òǹkàwé yóò yá a fún bí ìdajì wákàtí, yóò jókòó tì í, yóò sì béèrè ohun tí kì í lè béèrè lójú títì. Ṣé a lè ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí a wò ó?

Òǹkàwé Àtijọ́:

Àbá yìí dára, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn tí yóò jẹ́ ìwé náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìwé lásán kì í bínú bí ènìyàn bá ṣí i síbi tí kò yẹ.

Ọmọ Ìyá Kan:

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kékeré kan. Mo ní àgbàlagbà kan nílé tí kò mọ̀wé rárá, tó sì fẹ́ wá forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án. Ó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kan pàápàá kò mọ̀. Ó ń bẹ̀rù kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i lórí ìlà, tàbí kí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣé owó wà lórí rẹ̀?

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Kò sí owó lórí rẹ̀, bí kò ti sí lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé ìlànà ilé ìkàwé tí UNESCO gbé jáde pẹ̀lú IFLA, àjọ àgbáyé ti àwọn ilé ìkàwé, èyí tí wọ́n tún ṣe kẹ́yìn ní ọdún 2022, fi í lélẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ilé ìkàwé gbogbogbòò jẹ́, ibẹ̀ ni àwa náà dúró sí.

Kò ní sí ìlà, a kò sì ní lẹ orúkọ kankan. Ẹ sọ fún un pé kó wọlé bí ẹni tó wá ka ìwé ìròyìn, kó lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì ìbéèrè, kó sì sọ pé òun wá fún ti ọjọ́ kẹjọ. Òṣìṣẹ́ yóò mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kò sí fọ́ọ̀mù tí yóò kọ fúnra rẹ̀, nítorí pé fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń tìtorí rẹ̀ yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn mẹ́rin péré ló máa wà nínú ẹgbẹ́ kan, a sì ń fẹ́ olùkọ́ sí i.

Lórí ohun tí Olùkọ́ Fẹ̀yìntì tọrọ: mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, a sì gbà. Gbogbo ìwé tí a bá yọ yóò wà lórí tábìlì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bébà kékeré yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ìdí tí ìwé kan fi yẹ kó dúró yóò kọ ìdí náà síbẹ̀, a ó sì tún un wò. Mo yọ àwọn ìwé ìlera tí ọ̀rọ̀ inú wọn léwu sílẹ̀ nínú èyí. Àwọn yẹn kò ní dórí tábìlì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Mo gbà bẹ́ẹ̀, títí kan ti ìwé ìlera. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí, n kò sì tíì kọ́ àgbàlagbà rí, ṣùgbọ́n bí yàrá ẹ̀yìn bá ń wá olùkọ́, ẹ fi orúkọ mi sí i.

Bí ó bá sì ṣeé ṣe kí ẹ gba òǹkàwé kan láàyè láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ máa ti ilẹ̀kùn, n ó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé láti bá yín ka ìwé orí pẹpẹ. Ẹ ṣáà bá mi wá ìjókòó kan, nítorí pé orúnkún mi kò gba ìdúró pípẹ́ mọ́.

Alábòójútó Ilé Ìkàwé:

Ìjókòó ti wà, Alàgbà. Pẹpẹ ìtàn ni a fi yín sí.